Ẹ má gbé e gun pákó, ẹ jẹ́ kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gùn ún

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mọ́níyà níbí ni à ń gbé. A ra ọmọ ajá Alsatian kan ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, akọ ni, ó ti pé ọ̀sẹ̀ 10 báyìí. Tanímọ̀la ni bàbá àwọn ọmọ sọ ọ́, Tani la ń pè é. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 14, rí àwọn ajá òyìnbó lórí fóònù tí wọ́n ń fo igi, tí wọ́n ń wọ inú ihò, tí wọ́n ń sáré lórí pákó, ló bá ní tiwa náà á ṣe é. Ó gbé pákó lé orí àga méjì, ó fi okùn so táyà kọ́ ẹ̀ka máńgòrò. Lọ́jọ́ Sátidé ó gbé ajá sórí pákó yẹn, pákó mì, ajá jábọ́, ó sì ké gan-an. Láti ìgbà yẹn, tó bá ti rí pákó, abẹ́ mọ́tò ló ń sá sí. Bàbá wọn ní ẹgba ló ń mú ajá gbọ́n. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló sì tíì gbà. Ṣé ó ti kéré jù láti kọ́ ni? Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú àmójútó rẹ̀, ìyá wa. Kí n tó sọ ohunkóhun nípa pákó, ẹ jẹ́ kó rìn níwájú yín lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tó bá ń tiro, tàbí tó ké nígbà tí ẹ rọra fọwọ́ tẹ èjìká tàbí ìbàdí rẹ̀, ẹ má fún un ní oògùn ara ríro tí èèyàn ń lò. Parasitámọ́ọ̀ lè ba ẹ̀dọ̀ ọmọ ajá jẹ́, ibuprofen lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko, yálà ti Yunifásítì Ìbàdàn tàbí ti ìjọba tó wà ní Mọ́kọ́lá. Tó bá ń rìn dáadáa, a jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ nìkan ló fara gbá a, ìyẹn la sì máa tún ṣe.

Kò kéré jù láti kọ́. Gíga ni kò tíì tó ṣe. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 sí ọ̀sẹ̀ 14 tí wọ́n bí ajá, ohunkóhun tó bá rí tí kò pa á lára, á kà á kún ohun tí ó wà láyé: ariwo jẹnẹrétọ̀, bàbá tó wọ agbádá, ọmọdé tó ń sáré, kẹ̀kẹ́ Márúwá, ilẹ̀ táìlì tó ń yọ̀. Ohun tó bá já a láyà gidi ní àsìkò kan náà sì máa ń pẹ́ nínú rẹ̀. Nítorí náà, àsìkò tó dára jù lẹ wà yìí, òun náà ló sì gba ìṣọ́ra jù.

Mo mọ bí ìṣubú yẹn ṣe máa ń rí nítorí mo ti fa irú rẹ̀ rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kíkọ́ ajá yìí, mo gbé abo ajá ìbílẹ̀ kan, ọmọ oṣù 4, sórí pákó tó máa ń lọ sókè sódò, irú èyí tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré nílé ìwé. Ó rìn dé àárín, ìdí pákó kejì já lulẹ̀ gbàà. Kò fi ibì kankan ṣèṣe. Ṣùgbọ́n ní ilé tí wọ́n ń gbé, pákó ni wọ́n fi bo gọ́tà ẹnu ọ̀nà. Odidi oṣù mẹ́ta ni ajá yẹn kò fi gba orí rẹ̀ kọjá mọ́. Olówó rẹ̀ á gbé e dání bí ọmọ ọwọ́ láàárọ̀, á tún gbé e wọlé nírọ̀lẹ́. Ajá náà kò bẹ̀rù pákó tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ.

Látọjọ́ náà ni mo ti ní òfin kan, mo sì fẹ́ kí ọmọ yín kọ ọ́ sára ògiri: a kì í gbé ajá sórí ohunkóhun, a kì í tì í, a kì í fi okùn fà á. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló máa fi gùn ún, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló sì máa fi sọ̀ kalẹ̀ nígbà tó bá wù ú. Ajá tó bá mọ̀ pé òun lè sọ̀ kalẹ̀ nígbàkigbà ló máa ń fẹ́ gùn.

Ti abẹ́rẹ́ ńkọ́? Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ máa ń bọ́ sí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, a ó sì máa tún un gbà, ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 láàárín ìkan àti èkejì, títí ọmọ ajá á fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Ti dìgbòlugi lè wọlé láti ọ̀sẹ̀ 12. Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ kankan fò yín. Àrùn parvo ló ń pa ọmọ ajá jù níwájú mi: á bì, á ya ìgbẹ́ gbuuru tó ní ẹ̀jẹ̀, kò sì ní pẹ́ kó tó kú bí a kò bá tètè gbé e débi ìtọ́jú. Kòkòrò rẹ̀ lè wà nínú iyẹ̀pẹ̀ fún oṣù púpọ̀, bàtà èèyàn sì lè gbé e wọlé. Torí náà, títí abẹ́rẹ́ á fi pé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ títì, ilẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń ta ajá, tàbí pápá tí ajá ẹlòmíì ń yàgbẹ́ sí. Inú ọgbà yín tó láti kọ́ ọ, bí ajá mìíràn kò bá ti ṣàìsàn tàbí kú níbẹ̀ láìpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má sé e mọ́lé pátápátá. Ẹ gbé e lọ́wọ́, ẹ jókòó sí ẹnu géètì ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kó máa wo ọ̀kadà àti àwọn tó ń tọjà bọ̀, kó máa jẹ ẹ̀dọ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ yín bó ṣe ń wò wọ́n. Ìyẹn náà, ẹ̀kọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ orúkọ díẹ̀. Tanímọ̀la dára, orúkọ tó ní ìtumọ̀ ni, àwọn bàbá wa fẹ́ràn kí wọ́n máa fi orúkọ ajá sọ̀rọ̀. Àmọ́ Tani tí ẹ gé e sí yẹn máa fún yín níṣòro. Ẹ ka iye ìgbà tí wọ́n ń sọ ọ́ nínú ilé lójúmọ́. Wọ́n kan géètì, “ta ni?” Fóònù dún, “ta ni?” Iná wà ní títàn lọ́sàn-án gangan, “ta ni ò pa á?” Ajá á gbọ́ orúkọ rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà láìrí ohunkóhun gbà nídìí rẹ̀, nígbà tó bá yá kò ní yíjú mọ́. Ẹ máa pè é ní Mọ̀la. Bákan náà ni “wá”, torí gbogbo ọmọ ilé lẹ ń sọ ọ́ fún. “Máa bọ̀” ni mo ń lò fún ajá. Ẹ rántí àwọn ọdẹ: fèrè ni wọ́n ń fọn pe ajá nínú igbó, torí fèrè kì í bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀. Òwe tó ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, ẹni tó mọ̀ pé ìpè ni ẹ̀mí ajá rọ̀ mọ́ ló sọ ọ́. Kí gbogbo ilé fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Kò gbọdọ̀ jẹ́ pé bàbá ń sọ “sit”, ẹ̀yin ń sọ “jókòó”, àbúrò ń sọ “sídáùn”.

Owó iṣẹ́ rẹ̀ ni oúnjẹ. Ẹ bọ ẹ̀dọ̀ adìẹ láìfi iyọ̀, ata tàbí àlùbọ́sà sí i, kí ẹ gé e wẹ́wẹ́ tó hóró ẹ̀wà. Àlùbọ́sà máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, nítorí náà ẹran inú ọbẹ̀ kò bá a mu. Ẹ mú hóró kan sáàárín ìka, ẹ gbé e sún mọ́ imú rẹ̀, kí ẹ rọra gbé ọwọ́ gba òkè orí rẹ̀ lọ sẹ́yìn. Imú á tẹ̀lé ọwọ́, orí á lọ sókè, ìdí á sì wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ìdí ṣe kan ilẹ̀ gẹ́lẹ́, ẹ sọ pé “o káre”, kí ẹ̀dọ̀ sì wọ ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó ka ení, èjì. Tí ẹ bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, á ti dìde, dídìde lẹ máa sanwó fún. Ẹ má tíì sọ “jókòó” lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má sì fọwọ́ tẹ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ láé. Nígbà tí ọwọ́ nìkan bá ti ń mú un jókòó lẹ́ẹ̀mẹjọ nínú mẹ́wàá, ìgbà yẹn ni ẹ máa fi ọ̀rọ̀ ṣáájú ọwọ́.

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ràn jù, tí mo sì ń fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ọmọ ajá, ni kó fi imú kan àtẹ́lẹwọ́. Ẹ na àtẹ́lẹwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀, kó jìn tó ìbú ọwọ́ kan. Ajá fẹ́ràn ìtọpinpin, á gbóòórùn rẹ̀. Bí imú tútù yẹn ṣe kàn yín lára, “o káre”, ẹ̀dọ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta á máa wá ọwọ́ náà káàkiri. Ọwọ́ yìí lẹ máa fi mú un gba inú páálí kọjá lẹ́yìnwá ọ̀la, láìsí pé ẹ fi okùn fà á. Ìṣẹ́jú 3 tó lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́, kó tó jẹun. Ọmọ ajá lè sùn tó wákàtí 18 sí 20 lójúmọ́, ẹ má jí i láti wá kẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ bá mi kí bàbá. Mo gbà pẹ̀lú wọn pé ajá gbọ́dọ̀ gbọ́ràn, pàápàá Alsatian tó máa tó kìlógíráàmù 30 sí 40 tó bá dàgbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ẹgba máa kọ́ ọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Pákó já a láyà, ó sá. Wọ́n nà án. Ohun tó máa mú lọ ni pé níbi tí pákó bá wà, níbẹ̀ náà ni ìrora wà, bàbá sì ni ó mú un wá. Lọ́jọ́ tí ẹ bá pè é pé “máa bọ̀” tí mọ́tò ń bọ̀ lójú títì, ọwọ́ yẹn ló máa rántí. Ajá tí wọ́n nà máa ń dákẹ́, àwa èèyàn á sì pe ìdákẹ́ yẹn ní ọgbọ́n.

Ó wá kan pákó. Ẹ gbé èyí tó wà lórí àga kalẹ̀ lónìí, kí ẹ tú okùn táyà náà. Pákó tí ẹ máa lò, kó fẹ̀ tó 30 sẹ̀ǹtímítà, kó gùn tó mítà 2 tàbí 3. Bí ẹ bá máa ra òmíràn ní Bódìjà, ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ fá ojú rẹ̀ kí ẹ̀gún igi má wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀. Pákó tó bá ń dán máa ń yọ̀, ẹ kan kápẹ́ẹ̀tì àlòkù mọ́ ọn, tàbí kí ẹ po yanrìn kíkúnná mọ́ ọ̀dà kí ẹ fi kùn ún.

Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ pátápátá, kó jìn tó mítà mẹ́ta sí ibi tó ti ń jẹun. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pè é síbẹ̀. Ẹ gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀ síbi tó ń wà tẹ́lẹ̀, ẹ máa lọ. Lọ́jọ́ kejì, ẹ sún àwo mọ́ pákó díẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ jókòó sí ọ̀ọ́kán kí ẹ máa wo ara rẹ̀. Tí etí bá lẹ̀ mọ́ orí, tí ìrù wọ abẹ́ ikùn, tó ń na ọrùn gbooro mú oúnjẹ, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sì ti múra láti sá, àwo ti sún mọ́ ọn jù, ẹ dá a padà síbi tàná. Tí ìrù bá wà níbi tó máa ń wà, tó ń jẹun tó ń mí wọ̀ọ̀, ẹ lè tún sún un. Ó lè gba ọjọ́ mẹ́ta, ó lè gba ọjọ́ mẹ́wàá. Òun ló mọ̀.

Ọjọ́ kan á dé tí yóò ṣèèṣì fi ẹsẹ̀ iwájú kan tẹ etí pákó. “O káre!” Ẹ̀dọ̀. Ẹ má bẹ̀ ẹ́ kó gbé ẹsẹ̀ kejì. Kàkà bẹ́ẹ̀, ẹ ju hóró ẹ̀dọ̀ tó tẹ̀lé e sórí ilẹ̀, jìnnà sí pákó díẹ̀, kó lọ mú un. Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́. Á mú un tán, á wò yín, á wo pákó. Ẹ máa rí i tó ń rò ó. Bó bá padà wá tẹ pákó láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ìpayà ọjọ́ Sátidé ti ń tú nìyẹn, ẹ fún un ní hóró mẹ́ta léraléra. Mo ti kọ́ ajá púpọ̀, síbẹ̀ inú mi máa ń dùn sí àkókò yìí ju ọjọ́ tí ajá fo igi gíga lọ. Ẹsẹ̀ kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin, títí á fi rìn ín já. Tó bá ti ń sáré lọ sórí rẹ̀ kí ẹ tó débẹ̀, ẹ ká àpò ìrẹsì méjì sábẹ́ ìkangun kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ lè fi búlọ́ọ̀kù onínṣì 6 tí ẹ tẹ́ sílẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀ rọ́pò àpò, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 15. Kò gbọdọ̀ ga ju bẹ́ẹ̀ lọ títí á fi kọjá ọdún kan, kò sì gbọdọ̀ mì rárá.

Kí ló dé tí mo fi tẹnu mọ́ gíga tó báyìí? Ní orí eegun ẹsẹ̀ ọmọ ajá, ibi rírọ̀ kan wà tí eegun ti ń gùn, ó rọ̀ bí ṣóńṣó igbá àyà adìẹ tí ẹ máa ń rún lẹ́nu. Ní ajá ńlá bí Alsatian, ó lè tó oṣù 12 sí 18 kí ibẹ̀ tó le di eegun gidi. Fífò sókè léraléra, bíbalẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, jíjábọ́ láti orí àga, gbogbo rẹ̀ ló lè ba ibẹ̀ jẹ́, ẹsẹ̀ á sì hù wọ́. Àgbà ni àwọn ajá tí ọmọ yín rí lórí fóònù. Agility ni wọ́n ń pe eré náà, London ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi ìpàtẹ ajá Crufts lọ́dún 1978, nígbà tí wọ́n ń wá ohun tí wọ́n máa fi dá èrò lára yá láàárín ìdíje kan sí òmíràn. Eré ẹṣin tó ń fo igi ni wọ́n wò ṣe é. FCI, ẹgbẹ́ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ ajá, kì í jẹ́ kí ajá tí kò tíì pé oṣù 18 bá wọn díje nínú rẹ̀, AKC, ẹgbẹ́ ajá ti Amẹ́ríkà, fi tiwọn sí oṣù 15. Bó bá jẹ́ pé àwọn tó ni eré gan-an ń dúró tó bẹ́ẹ̀, kí ni àwa ń sáré sí? Fún ìdí kan náà, kó má máa bẹ́ sílẹ̀ láti orí ìjókòó mọ́tò. Ibẹ̀ àti ẹnu géètì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìkan ni mo ti gbà kí ẹ gbé e.

Ohun èèlò tó yá jù láti fi bẹ̀rẹ̀ ni páálí ńlá, irú ti fíríìjì tàbí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ ṣí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kí ẹ fi òkúta tì í kó má yí. Ọmọ yín á wà lẹ́nu ihò kan pẹ̀lú ajá, ẹ̀yin á wà lẹ́nu ìkejì, kí ojú ajá tó yín láti inú rẹ̀, kí ẹ na àtẹ́lẹwọ́. Tó bá ti ń gba inú rẹ̀ kọjá tayọ̀tayọ̀, ẹ so páálí méjì pọ̀, tàbí kí ẹ fi aṣọ bo tábìlì. Ihò tí wọ́n ń lò níbi ìdíje fẹ̀ tó 60 sẹ̀ǹtímítà. Kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ tẹ̀ ba yẹ inú rẹ̀ wò láràárọ̀ o. Ejò àti àkekèé fẹ́ràn irú ibi bẹ́ẹ̀, Mọ́níyà sì ṣì ní igbó.

Táyà tó ń fì lókè léwu, ọrùn ajá lè há síbẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kó máa fẹsẹ̀ wọ àárín rẹ̀ kó sì máa jáde. Tí ẹ bá ní àkàbà onígi, ẹ tẹ́ òun náà sílẹ̀ kó máa rọra gbẹ́sẹ̀ láàárín àwọn igi rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ajá kò mọ̀ pé àwọn ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, iwájú nìkan ni wọ́n ń rí, àkàbà yìí ló ń kọ́ wọn. Igi ìfò, ẹ gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kó máa rìn kọjá lórí rẹ̀, ó tán. Àwọn òpó 12 tí ajá ń gbà láàárín wọn bí ejò, ó ń lọ́ eegun ẹ̀yìn gan-an, ẹ gbàgbé rẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀.

Pákó tó ń lọ sókè sódò ló kù, òun ló sì ń dẹ́rù ba ajá jù, torí nǹkan méjì ló wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ó ń mì, ó sì ń dún. Ẹ ya méjèèjì sọ́tọ̀. Fún ìró, nígbà tó bá ń jẹun, kí ọmọ yín dúró sí ẹ̀yìn ilé lọ́hùn-ún, kó rọra fi ọmọrí ìkòkò kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ajá kò bá gbórí sókè, lọ́la kó sún mọ́ ọn ní ìṣísẹ̀ méjì. Bó bá dáwọ́ oúnjẹ dúró, kó padà sẹ́yìn. Fún mímì, pákó pẹlẹbẹ kékeré kan lórí tìmùtìmù tó ti tẹ̀ tó, kó kàn rọra yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ eléyìí títí pákó ilẹ̀ á fi di ohun tó ń sáré lọ bá. Pípa méjèèjì pọ̀ di ìgbà tó bá dàgbà.

Ẹ ṣọ́ oòrùn. Láti oṣù kejì sí oṣù kẹrin ọdún, ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì Ìbàdàn lè jó ọmọ ajá lẹ́sẹ̀. Ajá kì í làágùn bíi tiwa, mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń tu ara rẹ̀ lára. Ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé ilẹ̀, tí ẹ kò bá lè gbé e síbẹ̀ kí ẹ ka ení dé èje, ẹ̀kọ́ ti parí fún ọjọ́ yẹn. Kí agogo mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, tàbí lẹ́yìn agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ni kí ẹ máa kọ́ ọ, kí omi tútù wà nítòsí.

Ẹ má bá ọmọ yín wí jù. Ó fẹ́ràn ajá náà, ó sì lọ́wọ́ iṣẹ́, kí ó máa bá a lọ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Ẹ fún un ní ìwé kan kó máa kọ ohun mẹ́ta sínú rẹ̀ lálaalẹ́: ibi tí àwo wà, ibi tí ìrù wà, iye ìgbà tí ajá fúnra rẹ̀ lọ sí ìdí pákó. Nígbà tí ẹ bá gbé Mọ̀la lọ gba abẹ́rẹ́ kejì, ẹ mú ìwé náà dání kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. Ní alẹ́ òní, kó tẹ́ pákó náà sílẹ̀, kó gbé àwo síbi tó ń wà, kó sì jókòó jìnnà sí i.